Ìsàlẹ̀ Bàbà Kò Dán

Àwọn ará ilé ò gbà pé àjò ni mo wà. Tí mo bá lọ sílé nígbà Iléyá, tí mo ní ojú mi rí màbo ní ìdálẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí. "Warri náà lò ń pè ní ìdálẹ̀? Ṣé wọ́n ní kó o gba físà ni?" Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Kánádà tiẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé kí n má fi òun ṣeré, pé òun tí yìnyín ń bọ́ lù lórí lòun wà lájò. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o wà nínú yìnyín, tó o bá sọ òyìnbó, wọ́n á gbọ́ ẹ. Èmi tí mo kúrò ní Òkèhò, tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè mi, níbi tí wọ́n ti ń ná owó kan náà tí mò ń ná, mo débẹ̀ tán, mo di odi.

Ta ni kò gbọ́ Píjìn? Ohun tí mo rò nìyẹn kí n tó lọ. Èyí tí à ń sọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwàdà la fi ń ṣe. Ti Warri kì í ṣe àwàdà. Ó yára, ó mú, kò sì ní sùúrù fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ rò ó kó tó sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí. Níbẹ̀, tó o bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á ní irọ́ lò ń tò lọ́wọ́.

Ilé àbúrò ìyá mi ni mo kọ́kọ́ dé sí, Bàbá Músílì, tó ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Deco Road kí wọ́n tó bí mi. Mò ń fọkàn sọ lójú ọ̀nà pé ilé Yorùbá ni mò ń lọ, kò séwu. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ náà wò mí, ó ní, "Aunty, you don come? Mama dey kitchen." Mo ní kí ló dé! Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ o. Tí mo bá ní kí wọ́n bá mi bu omi, wọ́n á bù ú wá. Ṣùgbọ́n kí Yorùbá jáde lẹ́nu wọn, ó dèèwọ̀. Bàbá wọn á bá wọn sọ Yorùbá Òkè-Ògùn tó ki, wọ́n á fi Píjìn dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìjà. Èmi nìkan ni mo jókòó sáàárín wọn tó dà bíi pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Mi ò ní parọ́, oúnjẹ wọn dùn. Ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní báńgà, tí ẹja tútù wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá ní kò dùn, ara rẹ̀ ò yá. Ṣùgbọ́n òkèlè ṣítáàṣì tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ló fi mí ṣẹ̀sín. Mo bù ú, ó fà. Mo gbé e sókè, ó tún ń fà. Láti inú abọ́ títí dé ẹnu mi, kò já, àwọn ọmọ Bàbá Músílì sì ń yí sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Nígbà tí mo ti gba yàrá tèmi ní Ugborikoko ni mo tó ráyè kọ́ ọ níkọ̀kọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Effurun ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa ń gbé sórí táǹkì epo, tí yóò máa sọ ibi tí epo inú rẹ̀ dé, kí ẹnikẹ́ni má baà máa gun òkè táǹkì nínú òjò pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà á ju ìgbì rédíò sísàlẹ̀, ìgbì á lu ojú epo, á padà wá, ẹ̀rọ á sì wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Tí ìgbì bá ti rẹ̀ jù lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan. Iṣẹ́ tèmi ni láti ya bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, páálí pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá tú rédíò, tí ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín wà lára rẹ̀ fún iná láti gbà kọjá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì náà, mo tẹríba kí gbogbo àwọn tó jù mí lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti sọ mí ní "Ngbati." Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí wọ́n fi àgbò sọ, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ mọ́. "Ngbati, bring that cable." "Ngbati, you don chop?" Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mò ń gbéraga. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sín ohùn mi jẹ. Inú ń bí mi débi pé tí mo bá délé, mo máa ń bá ògiri wí, ní Yorùbá, kí ohun tí mo sọ lè dùn mọ́ èmi fúnra mi lẹ́nu.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mú kí n lè dúró níbẹ̀. Bọ̀dá Jọ́ṣúà lorúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀gá wa ní ẹ̀ka tó ń ya bọ́ọ̀dù. Ìlàjẹ ni, ṣùgbọ́n Ugbuwangue ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Òun ló sọ fún Ọ̀gá Ochuko, tó ni ilé iṣẹ́ náà, pé kí wọ́n gbà mí. Lójú àwọn èèyàn, Píjìn ni yóò máa bá mi sọ bíi tiwọn. Àmọ́ tí a bá jókòó jẹun ọ̀sán ní ẹ̀yìn ilé, á yí ohùn padà. "Àbúrò, ṣé wọn ò yọ ẹ́ lẹ́nu jù lónìí?" Omi á fẹ́ bọ́ lójú mi. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ẹja yíyan tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn rán an sí mi. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé Ọlọ́run ti fún mi ní ẹ̀gbọ́n ní Warri, ìyá mi sì ń fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà lẹ́yìn gbogbo ìrun, Jọ́ṣúà tí kò mọ̀ rí.

Kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé. Ṣáínà ni wọ́n ti ń bá wa ṣe bọ́ọ̀dù, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí a tó fi ránṣẹ́. Sọ́fúwíà kan wà tó máa sọ bí ìgbì ṣe máa rẹ̀ tó kó tó dé òpin ojú ọ̀nà bàbà. Ṣùgbọ́n sọ́fúwíà ò mọ ohun tó ò bá sọ fún un. Àpótí kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń bèèrè bí ara bàbà ṣe rí: ṣé ó dán ni, àbí ó rí gbágungbàgun? Tó o bá ní ó rí gbágungbàgun, á ní kó o kọ bí àwọn òkè kéékèèké ara rẹ̀ ṣe ga tó. Tó o bá fi àpótí náà sílẹ̀ ní pípadé, á gbà pé bàbà rẹ ń dán gbinrin bíi dígí.

Bàbà ara bọ́ọ̀dù kì í sì í dán. Àwọn tó ń ṣe é máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ha á kó lè di páálí mú, bí bíríkìlà ṣe máa ń ṣá ògiri kó tó rẹ́ ẹ kí sìmẹ́ńtì má baà ṣí. Iná tó bá ń yára gan-an kì í wọ inú bàbà lọ, awọ ara rẹ̀ ló ń gbà. Tí awọ yẹn bá wá rí gbágungbàgun, òkè ni iná yóò máa gùn tí yóò sì máa sọ̀, kó tó dé ibi tó ń lọ, okun rẹ̀ ti tán.

Bọ̀dá Jọ́ṣúà ti ṣe àwòṣe kan sínú sọ́fúwíà náà láti ọdún pípẹ́. Gbogbo wa là ń lò ó: tó o bá fẹ́ ya bọ́ọ̀dù tuntun, inú àwòṣe rẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Nínú rẹ̀, àpótí yẹn wà ní pípadé. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tuntun fún mi, èyí tí ìgbì rẹ̀ yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì, mo lọ bá a. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ṣé bàbà yìí ò dán jù báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, tó o bá ṣí àpótí yẹn, kọ̀ǹpútà á máa rò ó, á máa rò ó, títí tí Ọ̀gá á fi pa jẹnẹrétọ̀. Fi í lẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀." Òótọ́ sì ni, Ọ̀gá Ochuko kì í fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ jẹ dísẹ́ẹ̀lì lásán. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Àgbà ti sọ̀rọ̀.

Bọ́ọ̀dù dé láti Ṣáínà, ó dára lójú. Wọ́n kó o sínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé e sórí táǹkì oníbàárà wa kan. Tí táǹkì bá kún, ó ń rí epo. Tí epo bá ti lọ sí ìdajì, ẹ̀rọ di afọ́jú. Oníbàárà ní kí a wá kó gbogbo ẹ̀rọ wa, pé òun á padà sí okùn ìwọ̀n òun.

Ọ̀gá Ochuko wọlé wá lọ́jọ́ náà, ó ń mí gúlegúle. "Who design this rubbish?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Èmi wo Bọ̀dá Jọ́ṣúà. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Nílé wa, tí àgbà bá ń bínú, a kì í bá a ro ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Kúnlẹ̀ ná. O jẹ̀bi o, o ò jẹ̀bi o, kúnlẹ̀ ná. Inú àgbà á rọ̀, á ní, "Dìde, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ìgbà yẹn lo máa wá sọ tẹnu ẹ, àgbà á sì fetí sílẹ̀ torí pé o ti bọ̀wọ̀ fún un. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo bá kúnlẹ̀ sórí táìlì lójú gbogbo wọn, mo ní, "Abeg sir, no vex." Mo wá ń dúró kó ní kí n dìde.

Kò ní kí n dìde. Ó wò mí, ìbínú ojú rẹ̀ tiẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "So na you. Okay. At least you get mind to confess." Ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà mí o! Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣì wà lẹ́nu mi, ẹjọ́ sì ti tán. Akọ̀wé wa ló wá fọwọ́ kàn mí léjìká: "Ngbati, stand up now. E don do."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ máa de ìdérí ẹ̀rọ mọ́ ọn ní yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá ní tí oṣù bá parí, tí àkókò ìdánwò mi bá pé, òun á mọ̀ bóyá kí n máa lọ. Ẹ má rò pé iṣẹ́ nìkan ló ń dùn mí. Obìnrin mélòó ló ń ya bọ́ọ̀dù ní gbogbo Òkè-Ògùn? Tí mo bá fi orúkọ "ẹni tó ba bọ́ọ̀dù jẹ́" kúrò níbẹ̀, ta ló tún máa gbé irú ẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Màá padà sí Òkèhò, màá máa bá wọn tún fóònù ṣe, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ.

Mo pe ìyá mi.

"Ṣé o bẹ̀ wọ́n?"

"Mo bẹ̀ wọ́n, mà."

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀, mà."

"Ó ti tán nìyẹn. Ta ló máa rí ẹni tó kúnlẹ̀ tí kò ní dárí jì í?"

"Màmá, mi ò ṣẹ̀ wọ́n!"

"Ṣé mo ní o ṣẹ̀ wọ́n ni? Bẹ̀ wọ́n sí i."

Mo ní mo gbọ́. Mo pa fóònù, mo sì gbá ìrọ̀rí lójú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ìkúnlẹ̀ wa ò ṣeé ná níbí? Lọ́dọ̀ tiwa, tó o bá kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń lọ. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo gbé wá láti ilé, tí mo gbà pé ó ṣe iyebíye jù lọ lára mi, á dà bí owó tí wọn ò ná mọ́. Ebi oúnjẹ ilé kì í pa mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń pa mí lébi ni pé kí ẹnì kan wò mí, kó sì mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ṣùgbọ́n mo lágídí. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, tí wọ́n bá ti jáde, mo máa ń yọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ti fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn bí ìgbì ṣe ń rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù gan-an, mo mọ ibi tó yẹ kí ìlà tí sọ́fúwíà ń fà sójú kọ̀ǹpútà gbà. Mo ṣí àpótí, mo kọ ìwọ̀n gbágungbàgun tí àwọn ará Ṣáínà fi sórí bébà bàbà wọn, mo ní kó máa rò ó. Iná lọ. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá pa jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ mìíràn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló kú. Nígbà tó wá rò ó tán, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà! Ó kàn mì díẹ̀, ó dúró. Háà, mo sunkún. Mo ní bóyá èmi ni mo jẹ̀bi lóòótọ́, bóyá Ọlọ́run ló mú mi kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo sunkún tán, mo padà lọ ka ìlànà sọ́fúwíà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣé òkè bàbà ní ibi tirẹ̀ nínú àpótí náà, ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀. Orí rẹ̀, ibi tí ojú ń rí, ni mo kọ gbágungbàgun sí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ha jù, torí ìsàlẹ̀ ló di páálí mú, ìsàlẹ̀ náà sì ni iná yẹn ń gbà jù lọ. Mo kọ ọ́ síbi tó yẹ. Lọ́jọ́ náà, iná ìjọba wà, kò lọ, Alihamudulilahi. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sùn lé èyí tí mo wọ̀n lórí. Mo fò sókè nínú yàrá tó ṣófo, mo jó, mo na ọwọ́ sí àga bíi pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀: "Ẹ rí i àbí? Ẹ rí i!"

Mi ò lọ bá Ọ̀gá. Wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ àgbà lọ sí ìta láì kọ́kọ́ gbé e bá àgbà fúnra rẹ̀. Mo lọ sílé Bọ̀dá Jọ́ṣúà ní Ugbuwangue lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi dojú dé síwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé omi wá, ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e fún mi. Mo fi gbogbo rẹ̀ han Bọ̀dá lórí fóònù mi. Ó wò ó, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "O káre. Fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ni màá bá Ọ̀gá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á wọ̀ ọ́ létí báyẹn." Mo ní kí Ọlọ́run bá mi dá a sí fún ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Mo kọjá lẹ́bàá omi, mò ń kọrin.

Ọjọ́ Ajé, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan kan. Tí mo bá wò ó, fóònù rẹ̀ á dún. Kò wá jẹun ní ẹ̀yìn ilé mọ́. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, Ọ̀gá Ochuko pè wá jọ. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní Joshua ti rí ohun tó fà á, pé bàbà ni, pé èmi ni mi ò sọ fún sọ́fúwíà pé ara bàbà kò dán. "Joshua don correct am. But you, my sister, I go leave you make you go your side. No vex."

Ṣẹ́ ẹ rí i, orí mi kàn gbóná lójijì. Mo ní, "Sir, no be me."

Ó ní, "Ehn? But you kneel down for here. If no be you, why you kneel?"

Mo ṣàlàyé fún un. Píjìn mi ń já, ó ń tò. Mo ní tí àgbà bá ń bínú nílé wa, a máa ń kúnlẹ̀, bó ṣe àwa ni o, bí kì í ṣe àwa ni o. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Which kind custom be that?" Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Bọ̀dá Jọ́ṣúà. "Joshua, you be Yoruba. Na true she dey talk?"

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "I no sabi, sir. Na Warri dem born me."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí wà lọ́jà o, òun gan-an ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Yorùbá ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, pẹ̀lú ariwo. "Bọ̀dá Jọ́ṣúà! Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ọmọ yín kúnlẹ̀ gbé omi fún mi lọ́jọ́ Àìkú?" Kò gbójú sókè. Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo ṣí bọ́ọ̀dù tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn láti inú àwòṣe, mo yí ojú rẹ̀ sí Ọ̀gá. Àpótí yẹn wà ní pípadé. Ó ní, "Who make this thing?" Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ṣe é. Mo na ìka sí Bọ̀dá Jọ́ṣúà. Ìka o, sí ẹni tó jù mí lọ, lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Na him. I ask am that time, he say make I leave am."

Ọ̀gá Ochuko pòṣé títí tó fi gùn. Kò lé Bọ̀dá Jọ́ṣúà, ṣùgbọ́n ó gba àkóso àwòṣe náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n padà sídìí kọ̀ǹpútà mi, kí n tún bọ́ọ̀dù náà yà. Kò ní kí n má bínú. Nígbà tí bọ́ọ̀dù tuntun dé, ẹ̀rọ rí epo títí dé ìsàlẹ̀ táǹkì pátápátá, oníbàárà pe Ọ̀gá, Ọ̀gá ra málítì fún gbogbo wa. Wọn ò pè mí ní Ngbati mọ́. "Madam Copper" ni wọ́n ń pè mí. Mo ní àlùbáríkà ni, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Bàbá Músílì bá ránṣẹ́ pè mí sí Deco Road. Bọ̀dá Jọ́ṣúà ti lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti ro tẹnu ẹ̀ ní Yorùbá tó dùn létí. Bàbá Músílì ò jẹ́ kí n jókòó. Ó ní, "Àwa mélòó la wà nílùú yìí? O na ìka sí àgbà, o tú u fó lójú àwọn onílẹ̀." Mo ní ṣùgbọ́n òun ló ṣe é, ó sì fẹ́ kí wọ́n lé mi. Ó ní, "Ṣé mo ní kò ṣe é ni?" Mo fi ìbínú sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹnu Warri ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu." Àwọn ọmọ tó ń fi Píjìn dá a lóhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnì kan ò bá wọn wí, èmi tí mo fi òwe sọ̀rọ̀ ni ẹnu Warri wọ̀ lẹ́nu!

Ìyá mi ló pè mí lọ́jọ́ kejì, kó tó kí mi pàápàá ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún un.

"Lọ bá ọkùnrin náà nílé. Kúnlẹ̀ fún un."

"Màmá, òun ló ṣẹ̀ mí."

"Mo gbọ́. Kúnlẹ̀ fún un náà. Àgbà ni."

"Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Màmá. Iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ."

"Ṣé torí ẹ̀ lo wá fẹ́ máa dúró lórí àgbà?"

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí àyà tí mo fi dá a lóhùn. Mi ò gbó ìyá mi lẹ́nu rí. Mo ní, "Láti kékeré lẹ ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, mà. Tí ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún ò bá wá ní kí n dìde ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń dìde? Ẹ ò kọ́ mi."

Mo wo fóònù bóyá káàdì ti tán.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́." Ó wúkọ́ díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Wọn ò kọ́ èmi náà."